Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ yín ní Leiden: ẹ má tọwọ́ bọ ìwé ọdún márùn-ún

Èrò tèmi rèé, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń gbèrò láti dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Leiden, ìlú kan ní Nẹ́dálándì, gbọ́ ọ. Ẹ má tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún fún ọ́fíìsì àkọ́kọ́ yín, bó ti wù kí yàrá náà dùn ún wò tó. Ẹ gba kékeré, ẹ gba ọlọ́dún kan, kódà bí owó rẹ̀ bá ga ju ti ọlọ́dún márùn-ún lọ.

Ẹni tó ti Èkó wá ló tètè ń ṣì í. Ní Èkó, owó ọdún kan tàbí méjì ni onílé ń gbà kó tó yọ kọ́kọ́rọ́ fúnni, owó éjẹ́ńtì àti ti agirímẹ́ǹtì tún wà lórí ẹ̀. Bó bá dé Nẹ́dálándì tó rí i pé oṣooṣù tàbí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gbowó, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á ní bí iṣẹ́ ò bá lọ, òun á kó jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àdéhùn tó ní ọjọ́ ìparí kò ṣeé já láàárín, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ lè já a, tàbí kí onílé fúnra rẹ̀ gbà. Bí iṣẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀ ní òpin oṣù kẹsàn-án, gbèsè oṣù mọ́kànléláàádọ́ta ṣì wà lọ́rùn yín. Bó bá jẹ́ eenmanszaak, ìyẹn iléeṣẹ́ ẹlẹ́nìkan, lẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, dúkìá ara yín lẹ máa fi san án.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Iye tí ẹ máa rí lórí Funda in Business, ojú òpó ayélujára tí wọ́n ti ń polówó ọ́fíìsì, sábà jẹ́ ti mítà onígun mẹ́rin kan fún odidi ọdún, BTW, ìyẹn owó orí ọjà àti iṣẹ́, ò sì sí nínú rẹ̀. Ká ní ọ́fíìsì 40 m² ni, tí wọ́n kọ €180 sí mítà kan. €7,200 lọ́dún nìyẹn, €600 lóṣù. Servicekosten tún wà, ìyẹn owó iná, owó ìgbóná, ìmọ́tótó ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àtúnṣe ẹ̀rọ. Ká fi í sí €45 lórí mítà kan, €150 lóṣù. Àròpọ̀ di €750. BTW 21% gbé €157.50 lé e, ó di €907.50. Onílé á tún sábà béèrè ohun ìdógò oṣù mẹ́ta, yálà owó gidi tàbí ìwé ìdúró láti báńkì: €2,722.50. Servicekosten yẹn gan-an, àsansílẹ̀ lásán ni. Ìparí ọdún ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ délẹ̀, bí ilé àtijọ́ bá sì jẹ iná púpọ̀ nígbà òtútù, ẹ̀yin lẹ máa san ìyókù. Ẹ béèrè ìṣirò ọdún méjì tó kọjá kí ẹ tó dáhùn.

40 m² náà ńkọ́? Ìwọ̀n vvo ni, ìyẹn ìwọ̀n ilẹ̀ tó ṣeé fi yáni, tí wọ́n ń fi ìlànà NEN 2580 wọ̀n. Ìpín yín nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìdáná tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò wà nínú rẹ̀. Ibi tí tábìlì máa dúró sí lè má ju 32 lọ, ẹ pín €7,200 sí 32, €225 lẹ máa rí. Nínú àwọn ilé àtijọ́ àárín ìlú, lẹ́bàá Rapenburg àti Breestraat, yàrá abẹ́ òrùlé ló pọ̀. Ibi tí òrùlé ti rẹlẹ̀ ju mítà kan ààbọ̀ lọ kò gbọdọ̀ sí nínú ìwọ̀n. Ẹ mú téèpù dání, ẹ nà án láti ilẹ̀ dé òrùlé, ẹ sàmì sí ibi tó ti pé mítà kan ààbọ̀, kí ẹ wá wọn ilẹ̀ láti ibẹ̀.

Lórí BTW, òfin fúnra rẹ̀ ò fi í sórí owó ilé. Onílé àti ayálégbé ló ń fẹnu kò sí i, kí wọ́n tó lè ṣe é, ó kéré tán 90% iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń gba BTW. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, tàbí tó wà lábẹ́ KOR, ètò àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò ju €20,000 lọ lọ́dún, kò yẹ fún un. Onílé á sábà fi owó mìíràn kún owó ilé láti fi dípò rẹ̀, ìyẹn ò sì ní padà sọ́wọ́ yín bí BTW ṣe ń padà.

Àwọn kan á ní ọdún márùn-ún ló ń dáàbò bo ayálégbé. Fún ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ, òótọ́ ni, ẹ̀ka 290 nínú ìwé keje Burgerlijk Wetboek, ìwé òfin ará ìlú Nẹ́dálándì, ló ń ṣọ́ wọn. Ọ́fíìsì wà lábẹ́ ẹ̀ka 230a, ààbò ẹ̀ka yìí kò sì so mọ́ iye ọdún tí ẹ kọ. Bí àdéhùn bá parí tí onílé sì kọ̀wé pé kí ẹ kó jáde ní ọjọ́ báyìí, ẹ ní oṣù méjì láti ọjọ́ náà láti gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, kò sì lè lé yín jáde títí adájọ́ á fi sọ̀rọ̀. Adájọ́ lè fún yín ní ọdún kan, ó lè fi kún un lẹ́ẹ̀mejì sí i, ọdún mẹ́ta lápapọ̀. Ẹni tó fúnra rẹ̀ fòpin sí àdéhùn, tàbí tó fọwọ́ sí i pé òun gbà láti jáde, ti pàdánù ẹ̀tọ́ yìí. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí onílé bá fi ẹ̀rín gbé ìwé pélébé kan wá pé kí ẹ kàn fọwọ́ sí i, lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún.

Ìwé tí wọ́n máa gbé síwájú yín sábà jẹ́ ti ROZ, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àwòṣe ìwé àdéhùn ilé, ó sì gbè sẹ́yìn onílé. Ọdọọdún ni owó ilé ń bá iye tí CBS, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba, gbé jáde lórí ọ̀wọ́n ọjà lọ. Ní 2022, ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ 10%, ẹni tí kò sì fi òdiwọ̀n tí àfikún ò gbọdọ̀ kọjá sínú àdéhùn rẹ̀ rí i lára owó ilé. Bí ọjọ́ àtifi ìwé ìkójáde ránṣẹ́ bá sì kọjá lórí yín, àdéhùn á tún ara rẹ̀ ṣe. Lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fún ní rìsíìtì ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe WhatsApp.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ kọ ìwé bí yàrá ṣe rí pẹ̀lú onílé: àbàwọ́n orí kápẹ́ẹ̀tì, ihò ìṣó lára ògiri, ẹ̀rọ ìgbóná tó ń jò, iye kọ́kọ́rọ́. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Bí ìwé náà ò bá sí, ROZ á kà á sí pé yàrá tó pé lẹ gbà, owó àtúnṣe á sì bọ́ sí yín lọ́rùn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ.

Ọ́fíìsì tó ju 100 m² lọ gbọ́dọ̀ ní lébẹ́ẹ̀lì agbára C, ó kéré tán, láti 1 January 2023, ìyẹn àmì tó ń fi hàn bí ilé ṣe ń ṣọ́ iná lò, àmọ́ òfin náà yọ ilé àtijọ́ tí ìjọba dáàbò bò sílẹ̀, irú wọn sì pọ̀ ní Leiden. Ẹni tó bá gba irú ilé bẹ́ẹ̀, kó múra sílẹ̀ fún owó ìgbóná. Ẹ wo omgevingsplan, ìwé tí ìjọba ìlú fi ń sọ ohun tí wọ́n lè lo ilé fún, bóyá wọ́n gba ọ́fíìsì láyè níbẹ̀. Leiden Bio Science Park tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984, iṣẹ́ ìmọ̀ ìlera àti oògùn ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Oníṣirò owó tàbí ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà, kó wo ìhà Schipholweg lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí éjẹ́ńtì kí ẹ tó lọ wo yàrá: àdéhùn ọdún kan tí ẹ lè já pẹ̀lú ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta, òdiwọ̀n 4% lórí àfikún ọdọọdún, àti àyè láti fi apá kan yá ẹlòmíì, nítorí ROZ ò gbà á láìsí ìwé àṣẹ onílé. Bí kò bá gba ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá yàrá mìíràn.