Ààrẹ Amẹ́ríkà ló yan àwọn adájọ́ kóòtù tó ga jù lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé kóòtù tó ga jù l'Amẹ́ríkà, ti ààrẹ ni wọ́n máa ń ṣe torí òun ló ń yan àwọn adájọ́ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà. Ẹ rántí Nixon tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan. Lọ́dún 1974 wọ́n ní kó kó téèpù tó fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹ̀ wá, ó ní ààrẹ lòun, òun ò kó nǹkan kan wá, làwọn adájọ́ mẹ́jọ bá fẹnu kò pé dandan ni kó kó o wá, mẹ́ta nínú wọn sì rèé, Nixon fúnra ẹ̀ ló yàn wọ́n! Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Tí Sẹ́nétì bá ti fọwọ́ sí adájọ́, ààrẹ ò lè yọ ọ́ mọ́.

Nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kóòtù yẹn ò ní sójà kankan tó lè fi mú ìdájọ́ ẹ̀ ṣẹ. Ọdún 1954 ni wọ́n dájọ́ pé kò tọ́ kí wọ́n ya iléèwé ọmọ dúdú sọ́tọ̀, síbẹ̀ ó di 1957 tí Ààrẹ Eisenhower kó sójà lọ sí ìlú Little Rock kí ọmọ dúdú mẹ́sàn-án tó ráyè jókòó ní kíláàsì. Ààrẹ tí ò bá wá fẹ́ kó sójà lọ ńkọ́?