Strobe kò mọ́lẹ̀ ju turbo lọ, òun kọ́ ló sì ń sun tọ́ọ̀ṣì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń lo tọ́ọ̀ṣì alágbára: bí o bá fẹ́ kí iná rẹ mọ́lẹ̀ dé góńgó, strobe ni kí o tẹ̀, iná tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì yẹn, kì í ṣe turbo, ìyẹn iná tọ́ọ̀ṣì tó ga jù tó ń tàn láìṣẹ́jú. Wọ́n á tún kì ọ́ nílọ̀ pé má jẹ́ kó pẹ́ o, strobe ló ń sun LED, ìyẹn ohun kékeré tó ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde nínú tọ́ọ̀ṣì. Méjèèjì ni kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ tú u palẹ̀, torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ á máa sá fún ibi tí ewu kò sí, á wá fọkàn balẹ̀ níbi tó wà gan-an.

Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ tọ́ọ̀ṣì LED, strobe kò ní agbára kankan tó fi pamọ́ sí ibì kan. Iná tó ń wọ LED lórí turbo náà ló ń wọ̀ ọ́ nígbà tí strobe bá tàn (ti àwọn mìíràn tiẹ̀ kéré sí i). Lẹ́yìn náà á kú, á tún tàn. Bó bá ń tàn ní ìgbà 10 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, tí títàn àti kíkú rẹ̀ sì gùn bákan náà, ìdajì àkókò ni LED fi ń sinmi. Tọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ wáàtì 30 lórí turbo á máa jẹ nǹkan bíi 15 lórí strobe. Apá ńlá nínú iná tó bá wọ LED ló sì ń di ooru, nítorí náà bí iná bá dín sí ìdajì, ooru náà á tẹ̀ lé e.

Ẹ lè fojú ara yín rí ìsinmi yẹn, àfi ẹni tó bá ní wárápá, kó jọ̀wọ́ má dán an wò. Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ kọjú strobe sí ògiri, kí ẹ wá máa ju ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún níwájú rẹ̀. Ẹ kò ní rí ọwọ́ kan tó ń lọ geere. Ọwọ́ bíi mélòó kan ni ẹ máa rí, tí òkùnkùn wà láàárín wọn.

Èmi fọwọ́ kan ooru rẹ̀ pẹ̀lú. Mo tan turbo fún ìṣẹ́jú 2 pẹ̀lú bátìrì tó kún. Orí tọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n gbẹ́ ní ìlà-ìlà kí ooru lè ráyè jáde, gbóná débi pé àtàǹpàkò mi kò lè dúró níbẹ̀. Mo jẹ́ kó tutù pátápátá, mo tún fi bátìrì sí iná títí ó fi kún, mo wá tan strobe fún ìṣẹ́jú 2. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo dì í mú títí àkókò fi pé.

Kí ló wá dé tí ojú ń sọ pé strobe ló mọ́lẹ̀ jù? Bí ojú ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Ní ọdún 1902, àwọn olùṣèwádìí méjì, Broca àti Sulzer, fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tó bá kọ yẹ̀rì fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ máa ń dà bí èyí tó lágbára ju ìmọ́lẹ̀ kan náà tó dúró sójú kan. Ibi tí èyí ti le jù ni nǹkan bí ìdá kan nínú 20 sí ìdá kan nínú 10 sẹ́kọ́ǹdì. Nínú strobe tó ń tàn ní ìgbà 10 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, bí ti òkè yẹn, títàn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú 20 sẹ́kọ́ǹdì, ó sì bọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà kò fi ibẹ̀ rìn jìnnà sí i. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, tó bá ṣe ìṣirò gbogbo àkókò pọ̀, á ní strobe kéré.

Mo lérò pé gílóòbù àtijọ́ ló bí ìbẹ̀rù pé títàn-pípa ń sun iná. Bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ bá tutù, iná tó ń ya wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ ju ti ìgbà tó bá ti gbóná lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń já nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. LED kò ní okùn yẹn. Kódà lórí iná kékeré, ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì ń tan LED, wọ́n ń pa á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ojú wa ni kò rí i.

Ibì kan wà tí àwọn tó ń gbé strobe lárugẹ ti rí òótọ́ díẹ̀. Turbo kì í pẹ́ lórí agbára rẹ̀: bí ara tọ́ọ̀ṣì bá ti gbóná dé ìwọ̀n kan, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á fúnra rẹ̀ dín iná kù kó má baà jóná. Strobe tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ lè máa bá agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi méjèèjì wé ara wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 lè rí i pé strobe ló borí, àmọ́ turbo ló ti rẹlẹ̀, strobe kò ga sí i.

Ewu gidi tó wà nínú strobe, ojú àti ọpọlọ ló kàn. Iná tó ń ṣẹ́jú ní ìgbà 3 sí 30 ní sẹ́kọ́ǹdì kan lè gbé wárápá dìde lára ẹni tí ara rẹ̀ kò gba irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, strobe tọ́ọ̀ṣì sì sábà máa ń wà láàárín ibẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù December ọdún 1997, ní Japan, àwọ̀ pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 12 ní sẹ́kọ́ǹdì kan lórí tẹlifíṣọ̀n gbé èèyàn tó lé ní 600 dé ilé ìwòsàn, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Tẹlifíṣọ̀n lásán nìyẹn o, kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì alágbára tí wọ́n tàn sí ojú èèyàn.