Kì í ṣe Constantine ló dá ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àmọ́ ibi tí ẹ ti ní Constantine, olú ọba Róòmù, ló dá ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òun fúnra rẹ̀ gan-an, ìgbà tó ń kú lọ ní ọdún 337 ló tó ṣe ìrìbọmi.

Ní nǹkan bí ọdún 200, Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan ní Carthage ní Àríwá Áfíríkà, ti ń ta ko àṣà náà. Ó ní kí ló dé tí ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan kan fi ń sáré lọ gba ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀? Ta ló máa ń ta ko ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe?

Nígbà tó máa fi di nǹkan bí ọdún 253, ní Carthage kan náà, ọ̀rọ̀ ti yí pa dà: ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe é ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Fidus ní kí wọ́n dúró di ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọmọ, bíi ti ìkọlà àwọn Júù. Ó tiẹ̀ ní ara ìkókó kò tíì mọ́, pé ó ń kóni nírìíra láti fẹnu kò ó. (Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!) Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, àtàwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, 66 ni wọ́n, kọ̀ jálẹ̀: wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ìrìbọmi ọmọ falẹ̀.

Síbẹ̀ kò kárí. Onígbàgbọ́ ni Monica, ìyá Augustine tó wá di gbajúgbajà olùkọ́ ìjọ, àmọ́ ọdún 387 ni Augustine tó ṣe ìrìbọmi ní Milan. Ó ṣàìsàn ní kékeré, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún òun. Bí ara rẹ̀ ṣe yá, wọ́n sún ìrìbọmi náà síwájú. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí ló wá fìdí àṣà náà múlẹ̀ nígbà tó yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà yẹn kọ.