Wọ́n Ti Jẹ Táko Dé

Láyé ìgbà kan, aṣọ ni ará òkè òkun ń rà bọ̀ wálé. Tọ́wọ́ rẹ̀ bá dẹ̀ díẹ̀, á gbé ọkọ̀ bọ̀, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Àwọn tòde òní ò ra nǹkan kan bọ̀ o. Ẹ ṣáà ṣí fóònù wọn: táko ni, oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò tí wọ́n ń di ẹran sínú tọtíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ. Táko lọ́wọ́ ọ̀tún, táko lọ́wọ́ òsì, táko tí wọ́n nà sókè kó lè bá ṣóńṣó ilé ìjọsìn tó wà lẹ́yìn ṣe wẹ́kú, táko tí wọ́n ti gé jẹ lẹ́nu, tí wọ́n wá dijú, tí wọ́n ń mirí bí ẹni tí Ẹ̀mí bà lé. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á kọ ọ́ sí pé àwọn kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́ bíi tàwọn yòókù, pé àwọn wá gbé ìgbé ayé àwọn ará Mẹ́síkò ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀, oorun òtẹ́ẹ̀lì sì wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ọmọ wa kan wà ní Houston tó jẹ́ pé kó tó sun oorun kan jí, bàálù ti gbé e dé Ìlú Mẹ́síkò. Òmíràn ti Lọ́ńdọ̀n wá. Òmíràn sì ti Lẹ́kí gbéra, torí ó gbọ́ pé ẹni tí físà Amẹ́ríkà bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, Mẹ́síkò ò ní bi í ní físà mìíràn. Ọ̀rọ̀ físà yẹn nìkan ti tó ohun àmúyangàn. Ìgbà tí táko wá gorí ẹ̀, ìyangàn di méjì.

Kí wọ́n tó kúrò nílé ni wọ́n ti sanwó fún amọ̀nà. Dọ́là ni wọ́n san. Iṣẹ́ amọ̀nà ni pé kó mú wọn rìn nínú ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: èèyàn san dọ́là kí wọ́n lè mú un wọ ọjà. Mile 12 tó wà l'Ékòó, kò sẹ́ni tó ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, síbẹ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń rán lọ. Oyíńgbò, wọn ò débẹ̀ rí àfi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá há wọn mọ́bẹ̀. Bí ìyàwó bá ní kí ọkọ bá òun dé Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, á ní ẹrẹ̀ ibẹ̀ á ba bàtà òun jẹ́, òórùn ẹja gbígbẹ á wọ aṣọ òun, àwọn alábàárù ò sì lójútì, ṣe ni wọ́n ń fi ẹrù gbá èèyàn.

Ẹ wá wo ọkọ yìí ní La Merced, ọjà kan ní Ìlú Mẹ́síkò. Ẹrẹ̀ wà. Ẹran rọ̀ káàkiri, eṣinṣin ń ṣe fàájì lórí ẹ̀. Àwọn tó ń fi ọmọlanke kó ẹrù ń sáré bọ̀, wọ́n ń pariwo «golpe!», ìyẹn ni pé ẹni tí kò bá yà, ẹrù á yà á. Ẹni wa dúró sí àárín ọ̀nà gan-an, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀mí ìlú nìyí." Ọmọlanke gbá a ní gìgísẹ̀. Ó ní kò burú, ara ìrírí ni. Alábàárù Bódìjà tó bá dán irú ẹ̀ wò, ọlọ́pàá ni wọ́n á fi gbé e.

Amọ̀nà á wá sọ ìtàn Tlatelolco fún wọn, ọjà ńlá tó wà níbẹ̀ kí àwọn ará Sípéènì tó dé. Ní 1520, Hernán Cortés, olórí ogun àwọn ará Sípéènì, kọ̀wé sí ọba rẹ̀ pé àwọn tó ń rà tó ń tà níbẹ̀ lójoojúmọ́ lé ní 60,000. Ẹnu yà á: wúrà, ìyẹ́ ẹyẹ, oyin, àgbàdo, ẹran ìgbẹ́, ọjà kọ̀ọ̀kan ló sì ní òpópó tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé àṣà yìí ti pẹ́: àlejò yọjú sọ́jà onílé, ó kọ lẹ́tà sílé pé òun ti rí nǹkan. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, Cortés ti wó ìlú náà palẹ̀. Ká sọ tòótọ́, tiwa sàn. Ìràwọ̀ márùn-ún ni tiwa ń fi sílẹ̀ lórí Google.

Ọjà tó ń bọ́ ìlú náà gan-an, Central de Abasto ní Iztapalapa, tí wọ́n ṣí ní 1982, tó fẹ̀ ju 300 hẹ́kítà lọ, ẹ ò ní rí i nínú fídíò wọn. Òru ni wọ́n ń já tòmátò látinú tírélà níbẹ̀, iná ibẹ̀ ò sì jẹ́ kí ojú èèyàn dán nínú fọ́tò.

Mercado de San Juan ni tiwọn, nítòsí àárín ìlú. Ibẹ̀ ni àwọn alásè olówó ti ń ra ohun tí wọn ò rí níbòmíràn, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ta tata. Bẹ́ẹ̀ ni, tata, kòkòrò tó ń fò nínú koríko. Wọ́n fi aáyù, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ yan án títí ó fi gbẹ, wọ́n dà á jọ gègèrè sínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìpínlẹ̀ Oaxaca ti ń jẹ ẹ́ látayébáyé láìsí pé ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n á bù ú sínú tọtíyà, wọ́n á jẹ, wọ́n á bá iṣẹ́ wọn lọ.

Arábìnrin wa kan dúró níwájú apẹ̀rẹ̀ náà. Ó mú ẹyọ kan. Ó fi ìka méjì gbé e wá síwájú fóònù kí àwa tó wà nílé lè rí ẹsẹ̀, ká rí ìyẹ́. Ó pariwo. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ká gbàdúrà fún òun. Ó wá jù ú sẹ́nu, ó rún un wómúwómú, ó sì kéde pé oúnjẹ ọjọ́ iwájú nìyí, pé agbára tó wà nínú ẹ̀ ju ti ẹran lọ, pé ó yẹ kí gbogbo ayé jí gìrì. Ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn ti jí gìrì tipẹ́. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, ìyá á gbé abọ́ omi sábẹ́ iná lálẹ́, esunsun á ya dà sínú ẹ̀, á gbọn ìyẹ́ wọn dànù, á yan wọ́n, á sì bu díẹ̀ pamọ́ de ọmọ ọmọ tó ń bọ̀ láti Èkó. Kí ni ọmọ ọmọ wí? "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ o, inú mi ò gba kòkòrò." Ìrẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ni kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ lójú ọkọ òun. Àṣìṣe ìyá kò ju pé kò gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì fi pésò dá iye lé e.

Ẹ fi ti kòkòrò sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká dórí ata, torí ìdí ata ni ọmọ Yorùbá ti máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Bí wọ́n bá ti gbé abọ́ ata kalẹ̀, pupa kan, aláwọ̀ ewé kan, á kọ́kọ́ fi tó gbogbo ayé létí pé inú ata ni wọ́n bí òun sí. Á gbé ṣíbí, á dà á bo táko mọ́lẹ̀, á jẹ, á na ọwọ́ méjèèjì: "Ṣé èyí náà lata?" Ó gbàgbé pé ata tó fi ń halẹ̀ yìí, àlejò ni nílé wa. Tàtàṣé tí ìyá rẹ̀ ń lọ̀, ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ọkọ̀ òkun àwọn Òyìnbó ló gbé e kiri ayé lẹ́yìn 1492. Ròdo àti ata habanero tí wọ́n ń jẹ ní Yucatán, ní Mẹ́síkò, ìdílé kan náà ni wọ́n. Àgbàdo tí wọ́n ń sè pẹ̀lú ẹfun kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ fún tọtíyà, tí àwa ń rẹ fún ògì, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wọn ló ti kọ́kọ́ di àgbàdo, ó tó nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó fún bàbá ẹni níran ata la wá ń bá figagbága.

Èyí tó tún dùn jù ni pé ata ọ̀hún kì í ṣe ata. Ní Roma àti Condesa, àdúgbò méjì ní Ìlú Mẹ́síkò tí àlejò ti kún fọ́fọ́, ọ̀kan nínú igbe tí àwọn onílé ń ké ni pé àwọn olóúnjẹ ti ń dín ata kù nítorí àlejò, kó má baà ta wọ́n lẹ́nu. Ẹni wa tó ń fọ́nnu pé ata Mẹ́síkò ò ta, ata tí wọ́n ti rọ̀ nítorí irú rẹ̀ ló jẹ. Ní oṣù Kẹwàá 2022, ìjọba ìlú náà bá UNESCO àti Airbnb, ilé-iṣẹ́ tí àlejò ń bá gba ilé, tọwọ́ bọ̀wé láti fa ojú àwọn tó ń ti orí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ mọ́ra kí wọ́n wá máa gbé níbẹ̀. Wọ́n wá lóòótọ́. Owó ilé gun òkè, ìwé oúnjẹ di èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 2025, àwọn onílé tú síta ní àdúgbò méjèèjì, àwọn kan sì fọ́ gíláàsì ìsọ̀. Kò bá wọn dénú fídíò. Ìwọ́de ò ṣeé pọ́n lá.

Àwọn èèyàn wa tún ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní ibi tí àlejò kankan ò mọ̀. El Califa de León ni, ìsọ̀ táko kan ní àdúgbò San Rafael. Láti 1968 ló ti wà, yàrá rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí mẹ́ta lọ, oríṣi táko mẹ́rin péré ló sì ń tà. Ní oṣù Karùn-ún 2024, Michelin, ìwé tó ń fi ìràwọ̀ yẹ́ ilé oúnjẹ sí, fún un ní ìràwọ̀ kan. Wọ́n mú aṣọ funfun àwọn ọ̀gá alásè wá fún Arturo Rivera Martínez tó ń yan ẹran níbẹ̀. Kò wọ̀ ọ́, torí ooru iwájú iná rẹ̀ ò gba aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Àtìgbà yẹn ni èrò ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni wa á wà láàárín wọn, àlejò níwájú, àlejò lẹ́yìn, fóònù gbogbo wọn wà lókè, á sì máa rọra sọ̀rọ̀ sínú tirẹ̀ pé àṣírí kékeré kan lòun fẹ́ tú fún wa.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí àṣà yìí níhòòhò, ẹ lọ dúró nídìí al pastor lálẹ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, tí wọ́n ti fi ata àti èròjà pupa kan tí wọ́n ń pè ní achiote pa lára títí ó fi pọ́n roro, wọ́n tò ó léra wọn lórí irin tó nàró, iná ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pẹ òyìnbó jókòó téńté sókè. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ṣí wá ló mú irin tó ń yí náà dé. Ní ìlú Puebla, láti bí àwọn ọdún 1930, ẹran àgùntàn ni wọ́n ń gé sínú búrẹ́dì. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò gbà á, wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ rọ́pò àgùntàn, wọ́n fi tọtíyà rọ́pò búrẹ́dì. Àwọn ará Lẹ́bánónì náà ló dé Èkó àti Ìbàdàn, bí ṣàwámà ṣe dé ìkóríta ilé ẹni wa nìyẹn. Ọmọ ìyá ni al pastor àti ṣàwámà Sùúrùlérè. Ẹ wá ní kó ya fídíò oníṣàwámà àdúgbò rẹ̀, kó pè é ní oníṣẹ́ ọnà. Owó sọ́séèjì méjì tó jẹ ẹ́, kò tíì san.

Awakọ̀ takisí kan wà nídìí ìsọ̀ yẹn, ọ̀dọ́ méjì tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, màmá kan tó mú ọmọ dání. Ìdúró ni gbogbo wọn ń jẹ ẹ́, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí omi ata má kán sáṣọ. Ọ̀rá ni wọ́n fi wé àwo tó wà lọ́wọ́ wọn; tí ẹnì kan bá jẹ tán, wọ́n á yọ ọ̀rá dànù, wọ́n á wé òmíràn, kò sí pé à ń fọ abọ́. Ọ̀bẹ ọlọ́táko ò sinmi. Ó gé ẹran wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú tọtíyà, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ta ọ̀pẹ òyìnbó lókè, èérún rẹ̀ fò, ó bọ́ sínú táko lọ́wọ́ kejì. Àlùbọ́sà, ewé, ó parí. Ẹ gé e jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tán.

Ẹni wa ní, "Ẹ dúró, ọ̀gá, ẹ dúró. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́." Kí wọ́n tún ọ̀pẹ òyìnbó yẹn ta. Ọlọ́táko wò ó. Ó tún un ta. Ẹni wa ní iná mọ́tò tó kọjá ba fídíò jẹ́, kí wọ́n ṣe ẹ̀ẹ̀kan sí i, kí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀ báyìí. Awakọ̀ takisí ti jẹ mẹ́ta, ó ti ń béèrè ẹ̀kẹrin. Ẹni wa ṣì ń yí àwo tirẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó ń wá ibi tí iná ti dáa. Tọtíyà ti tutù, ó ti ya nídìí, òróró pupa ń ti ọwọ́ rẹ̀ ṣàn wọ inú ọwọ́ àdìrẹ tó dìídì wọ̀ wá kí ayé lè mọ orírun rẹ̀. Nígbà tó fi gé e jẹ, tó ní adùn rẹ̀ ń yọ ní ìpele-ìpele, ìpele òtútù nìkan ló kù nínú ẹ̀.

Níbẹ̀, èèyàn á kọ́kọ́ jẹun ná kó tó sanwó. Iye tí ẹ bá lẹ́ jẹ ni wọ́n á gbà. Ọlọ́táko bi ẹni wa pé mélòó. Ẹni wa bẹ̀rẹ̀ àlàyé: Nàìjíríà lòun ti wá, oúnjẹ ayé lòun fi ń so èèyàn pọ̀, àwọn tó ń tẹ̀ lé òun lórí Instagram pọ̀ gan-an. Ọlọ́táko nu ọ̀bẹ rẹ̀. Ó tún bi í: mélòó?

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀gá," ni ẹni wa wí, ó ṣí fóònù, "ẹ jẹ́ n wò ó."