Tíṣà Olórin la mọ̀ ọ́n sí

Ẹ kú iṣẹ́ lórí ìròyìn ikú bàbá tó jẹ́ lọ́yà yìí, àmọ́ gbólóhùn kan péré lẹ fi sọ pé ó ṣe tíṣà orin rí. Háà! Àwa tó kọ́ ní Ṣàgámù, Tíṣà Olórin là ń pè é títí dọ́jọ́ ikú. Dùùrù kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ló ní, ojú kan lára rẹ̀ ò sì dún mọ́. Tó bá ti kan ibẹ̀, á fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ohùn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ò ní dúró. Òun ló fi dò-re-mí kọ́ wa ní àmì ohùn: ọkọ́, re-mí, ọkọ̀, re-dò.

Awólọ́wọ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́ náà ṣe tíṣà kó tó di lọ́yà ní 1946, nítorí náà kò yà wá lẹ́nu nígbà tí Tíṣà lọ kọ́ òfin.

Ó gba ẹjọ́ ilẹ̀ wa rò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí lọ́yà kejì ṣe ń rojọ́, ó ń fi ìka lu tábìlì jẹ́jẹ́. Nígbà tá a jáde, mo ní kí ló dé, sà? Ó ní, “Ọkùnrin yẹn ń sáré ju ìlù lọ.”

Ẹ sùn re o, Tíṣà.