Ẹ dí ihò òrùlé, ẹ gbé májèlé jù sílẹ̀

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan gbé ẹyẹlé méjì wá sí ẹnu ọ̀nà ọ́físì wa. Ọ̀kan ti kú. Èkejì ń ta síbí ta sọ́hùn-ún bí ẹni tó mu sódàbì yó, ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ní ká yá òun ní ọ̀bẹ. Ó fẹ́ tètè dúńbú èyí tó ṣì ń mí kó tó di òkú, nítorí ìyá òun á fi se ọbẹ̀.

A gba ẹyẹlé lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a sì fún un lówó búrẹ́dì kó má baà rò pé a fẹ́ fi ẹran òun se ọbẹ̀ tiwa. Lẹ́yìn náà la wádìí ọ̀rọ̀. Onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí wa ló rẹ àgbàdo sínú oògùn kòkòrò oko, tó sì fọ́n ọn sórí òrùlé. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tó ṣe é kì í ṣe tuntun ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹyẹ ti sọ etí fèrèsé rẹ̀ di ṣáláńgá, omi òjò tó ń ti orí páànù ṣàn sínú táńkì rẹ̀ kò ṣeé fi bọ́jú mọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ẹyẹlé sì ti ń hó lórí àjà bí ẹni ń ro ẹjọ́. Inú bí i. Ó yẹ kí inú bí i. Ọ̀nà tó gbà ni a kò fara mọ́, a sì fẹ́ kí mérì, olórí ìjọba ìlú, fòfin dè é: kí ẹnikẹ́ni má fi májèlé tàbí àtè lé ẹyẹ lórí ilé mọ́ ní ìlú yìí.

Àwọn ilé wa gan-an ló ń ké sí wọn. Àtọmọdọ́mọ ẹyẹ etí àpáta ni ẹyẹlé ìgboro. Ibi gíga tó tẹ́jú, tí ológbò ò lè dé, tí òjò ò sì pa, ni àwọn baba ńlá wọn ń yé ẹyin sí. Ẹ wá lọ dúró níwájú Mọ́sáláṣí Ńlá, èyí tí wọ́n kọ́ ní àrà Àgùdà, ìyẹn ti àwọn tó padà dé láti Brazil, láàárín 1912 sí 1935, kí ẹ gbójú sókè. Gbogbo ohun tí ọ̀gá bírikìlà fi ṣe ọ̀ṣọ́ níbẹ̀, orí òpó, ìgbátí tó yọrí síta, òkè fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ, àpáta ni lójú ẹyẹlé. Bákan náà ni àwọn ilé Àgùdà yòókù káàkiri ìlú, pàápàá èyí tí àwọn ọmọ onílé ti fi sílẹ̀ lọ Kútọnu tàbí Faransé, tí páànù rẹ̀ ti ṣí, tí fèrèsé rẹ̀ ti já sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọjá lábẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà mọ bó ṣe máa ń rí kí nǹkan funfun já pọ́ lé èjìká agbádá. Àwọn ààfáà tó ń tẹ̀lé ọ̀nà Màlíkì a máa sọ pé ìgbẹ́ ẹyẹ tí a ń jẹ kò ba ìrun jẹ́. Bó ti wù kó rí, ta ló fẹ́ bá agbádá alábàwọ́n lọ sóde?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan. Ìgbẹ́ ẹyẹ kan bí ọtí kíkan, ó ń jẹ páànù, ó sì ń jẹ ẹfun àti ọ̀dà ara ògiri. Tó bá gbẹ tó di ekuru, ẹni tó bá ń gbá a lè fà á símú, kó sì kó àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, kò sí ẹni tó máa gbọ́ lẹ́nu ìwé ìròyìn yìí pé kí àwọn onílé fara dà á. Kí wọ́n lé ẹyẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n lé e lọ́nà tó máa lọ tí kò ní padà wá.

Pípa kì í lé e. Ìlú Basel ní Switzerland gbìyànjú rẹ̀ wò. Láti 1961 sí 1985, wọ́n yìnbọn, wọ́n dẹ pàkúté, wọ́n pa ẹyẹlé tó nǹkan bí 100,000, iye tó kù nígboro ò sì yàtọ̀. Ìdí rẹ̀ ò le. Ẹyin méjì ni ẹyẹlé ń yé lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ọjọ́ 18 ló sì fi ń sàba lé e. Tí oúnjẹ bá wà, ó lè pa ọmọ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan. Ẹ pa mẹ́wàá, oúnjẹ mẹ́wàá yẹn á di ti àwọn tó kù, ààyè mẹ́wàá á sì ṣí sílẹ̀ lórí ilé. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí aládùúgbò wa fọ́n àgbàdo rẹ̀, a ka ẹyẹlé mẹ́fà lórí etí fèrèsé kan náà.

Ní 1988, Basel yí ọwọ́ padà. Wọ́n bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n yé fọ́n oúnjẹ fún ẹyẹ, wọ́n kọ́ ilé fún ẹyẹlé níbi tí wọ́n ti lè máa kó ẹyin wọn, iye ẹyẹ náà sì dín tó ìdajì láàárín ọdún mẹ́rin.

Májèlé kì í mọ ẹni tí wọ́n rán an sí. Ẹyẹlé tó jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀, ó máa ń fò lọ kú sí àgbàlá ẹlòmíràn. Ológbò á jẹ ẹ́, àṣá á gbé e, igún, tó ti ń dínkù débi pé láti 2015 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó fẹ́ pa run pátá láyé, á bà lé òkú rẹ̀. Tàbí kí ọmọ ọdún mẹ́jọ gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Orílẹ̀-èdè yìí ló yẹ kó mọ irú oògùn yìí jù. Ní 1999 àti 2000, endosulfan tí wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ láti fi pa kòkòrò òwú pa àgbẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn ní Borgou, ní ìhà àríwá, àwọn mìíràn nítorí pé wọ́n jẹun pẹ̀lú ohun èèlò tí oògùn ti kan. Irú ike oògùn bẹ́ẹ̀ náà ni a ń gbé gun òkè àjà láàárín ìlú báyìí.

Ọ̀pọ̀ ẹyẹlé tó ń bà lórí òrùlé ló sì ní olówó. Àwọn kan ń sìn wọ́n sínú àpótí lẹ́yìn ilé, fún ọjọ́ ìkómọ, fún ètùtù, tàbí fún títà lásán. Àwọn bàbá wa ń wúre pé tapá tìyẹ́ ni ẹyẹlé fi ń kó ire wọlé, wọ́n sì ń sọ pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ní tiwa, onílé ló yẹrí.

Àtè kò sàn jù ú lọ. Àwọn kan ń ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú eku, wọ́n ń fi pa etí ògiri. Ẹyẹlé tó tóbi á já ara rẹ̀ gbà, á fi ìyẹ́ sílẹ̀. Ológoṣẹ́ ló ń lẹ̀ mọ́ ọn títí oòrùn á fi pa á.

Kí wá ni ṣíṣe? Dídí ni. Kí onílé gòkè, kó wo ibi tí páànù ti ya kúrò lára ògiri, ibi tí àjà ti jẹrà, ojú afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀n. Kó fi wáyà onírin tàbí pákó dí wọn. Ihò tí ọwọ́ àgbàlagbà lè wọ̀, ẹyẹlé á wọ̀ ọ́. Ibi tí kò ṣeé dí, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn, àwọ̀n ló bá a mu, àwa ọmọ etí ọ̀sà ò sì tún ní lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun àwọ̀n lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á mú ògbólógbòó àwọ̀n apẹja, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, wọ́n á so ó kọ́ dẹngbẹrẹ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ẹyẹ ò rí i, á fò wọ inú rẹ̀, á lọ́ mọ́ ọn, á sì kú síbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Okùn tó nípọn tí ojú lè rí ni kí wọ́n lò, kí ojú rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ fún ẹyẹlé, tàbí 2 tó bá jẹ́ ológoṣẹ́, kí wọ́n sì nà án lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó le gbagidi bí awọ ìlù. Tẹ́ ẹ bá fi ìka ta á, ó yẹ kó dún.

Etí ògiri tó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kó di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tó bá ti dagun ju digirí 45 lọ, ẹsẹ̀ ẹyẹlé á máa yọ̀. Ní ilé tuntun, bírikìlà á fi sìmẹ́ńtì ṣe é. Ní ilé Àgùdà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má da sìmẹ́ńtì lé iṣẹ́ ọnà tó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí káfíńtà gbẹ́ igi onígun mẹ́ta, kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ògiri, kí wọ́n gbé e lé e. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n nà sókè etí ògiri náà ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹyẹ kò ní lè rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé dáadáa.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló ṣe kókó jù. Ẹ má dí ihò tí ọmọ ẹyẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti jáde nínú ẹyin, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún kí wọ́n tó fò. Ẹ dúró. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró nítorí àánú, kó dúró nítorí imú ara rẹ̀, torí òkú ọmọ ẹyẹ tó bá jẹrà sínú àjà, ìdin á ti ibẹ̀ já sínú ọbẹ̀.

A fẹ́ gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó asán pẹ̀lú. Òwìwí oníke tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé, ọjọ́ mélòó kan ni ẹyẹ fi ń bẹ̀rù rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á máa bà lé e lórí. Àwọn àlejò yín ló máa bẹ̀rù rẹ̀ pẹ́ jù, ní ìlú tí a ti mọ ohun tí wọ́n ń fi òwìwí pè. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń ké igbe tí etí èèyàn ò lè gbọ́, etí ẹyẹ náà ò gbọ́ ọ. Ẹ̀gún irin ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìlú Antwerp, ní 2023, àwọn onímọ̀ ròyìn ìtẹ́ ẹyẹ kan, ìbátan kannakánná, tó tu irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 1,500 lára ilé, tó sì fi wọ́n kọ́ ilé tirẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí nígbà tí a gbọ́ ọ.

Alápàǹdẹ̀dẹ̀ yàtọ̀. Òun tó kọ́lé tí kò kan omi, tí kò kan òkè, kòkòrò tó ń fò ló ń jẹ, ilé tó bá wà kì í bàjẹ́ tó ilé ẹyẹlé. Pákó kan tí wọ́n kàn sí abẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ á gba ìgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ rárá, kó gbá ẹrẹ̀ náà kúrò nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó tó yé ẹyin.

Oúnjẹ ló kù. Ẹyẹlé tó ń sùn lórí ilé yín kò jẹun níbẹ̀. Ibi tí àwọn ìyá alágbàdo ti ń fẹ́ ọkà ló ti jẹun, nínú ọjà, níbi tí ohun tó dà sílẹ̀ máa ń sùn mọ́jú. Iṣẹ́ mérì nìyẹn: kí wọ́n gbá ojú ọjà nírọ̀lẹ́, kó tó di òwúrọ̀ tí ẹyẹ ń jí. Iṣẹ́ mérì náà ni láti kọ ọ́ sínú gbogbo ìwé iṣẹ́ àtúnṣe ilé àtijọ́ pé dídí ihò ẹyẹ wà lára owó tí agbaṣẹ́ṣe gbà. Nísinsìnyí, wọ́n á kun ilé, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tú àgbékalẹ̀ igi kúrò, lẹ́yìn òjò kan ṣoṣo ògiri tuntun á ti ní ìlà funfun láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tó bá sì máa kó ìgbẹ́ àtijọ́ kúrò, kó kọ́kọ́ da omi sí i kó rin, kó bo imú, kó wọ ìbọ̀wọ́. Kó má gbá a ní gbígbẹ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àwọn igi àgbékalẹ̀ á sì tún dúró lára ilé kan tàbí òmíràn kí òjò oṣù kẹrin tó dé. Kí wọ́n tó tú wọn, kí ẹnì kan gbé tọ́ọ̀ṣì, kó gòkè lọ wo abẹ́ páànù.