Aṣọ́lé Wembley tó di aṣòfin: ohun tó ń dùn mí nípa Jan Tomaszewski

Kò sí ohun tó burú nínú kí agbábọ́ọ̀lù ṣe òṣèlú. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. Ẹni tó ti ṣọ́lé níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tí gbogbo àṣìṣe rẹ̀ ń hàn sójú ayé, kò sí ohun tí agbẹjọ́rò tàbí oníṣòwò fi sàn jù ú lọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọ̀rọ̀ Jan Tomaszewski, aṣọ́lé Pólándì nígbà kan rí, ló ń dùn mí, ó sì ń dùn mí torí pé mo fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an.

Ẹ bá mi padà sí alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1973 ní pápá Wembley. England gbọ́dọ̀ na Pólándì kí wọ́n tó lè lọ sí Ife Àgbáyé. Ní ti Pólándì, ọ̀mì ti tó wọn. Ọdún 7 péré ṣáájú ìgbà náà ni England gba ife ọ̀hún ní pápá yìí kan náà. Brian Clough, akọ́nimọ̀ọ́gbá ará England tó ti gba líìgì fún Derby County lọ́dún 1972, tí gbogbo èèyàn sì ń gbọ́ sí lẹ́nu, jókòó sórí tẹlifíṣàn, ó ní apanilẹ́rìn-ín ni aṣọ́lé Pólándì. Bó ṣe fi í ṣẹ̀sín níwájú gbogbo ìlú nìyẹn.

Bọ́ọ̀lù wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí ilé Tomaszewski bí òjò. Kọ́nà tí England gbà nìkan lé ní 20. Ó fi ọwọ́ lé e, ó fi ẹsẹ̀ lé e, gbogbo ara ló fi ṣe ògiri. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wu ojú rí, kò tilẹ̀ jọ ohun tí wọ́n ń kọ́ aṣọ́lé níbikíbi, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kò wọlé. Domarski gbá tirẹ̀ wọlé fún Pólándì, Allan Clarke fi pẹnáritì dá a padà, eré parí sí 1-1. England jókòó sílé lọ́dún 1974, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ Alf Ramsey, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba ife fún wọn.

Ní Jámánì lọ́dún 1974 yẹn, ipò kẹta ni Pólándì gbé. Tomaszewski mú pẹnáritì méjì, ti Staffan Tapper ará Swídìn àti ti Uli Hoeness ti Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn. Kò sí aṣọ́lé tó ṣe irú ẹ̀ nínú Ife Àgbáyé kan ṣoṣo ṣáájú rẹ̀. Ti Hoeness yẹn ni mo máa ń padà lọ wò. Òjò ti sọ pápá Frankfurt di àbàtà lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ kò ríbi dúró sí, síbẹ̀ ó mú un. Pólándì pàdánù eré náà, 1-0, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí, orí ẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Láyé ìjọba Kọ́múnísìtì, agbábọ́ọ̀lù Pólándì kì í rí àṣẹ gbà láti lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun àfi tó bá ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún. Tomaszewski pé ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ́dún 1978, ó sì lọ sí Beerschot ní Bẹ́ljíọ̀m. Ó bá wọn gba ife ilẹ̀ náà lọ́dún 1979, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Hércules ní Spéìn. Nígbà tó wà ní Bẹ́ljíọ̀m, ó ṣì ń ṣọ́lé fún Pólándì. Ìgbà 63 ló ṣe é kó tó fẹ̀yìn tì nínú ikọ̀ Pólándì lọ́dún 1981. Kò sẹ́ni tó wí fún un pé o ti ń jẹ oúnjẹ àwọn ará ibòmíràn, ìwọ kì í ṣe tiwa mọ́.

Lọ́dún 2011, ó wọ Sejm, ilé aṣòfin Pólándì tó ní ọmọ ilé 460. Łódź, níbi tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ŁKS, ni wọ́n ti dìbò yàn án, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú PiS ti Jarosław Kaczyński. Ọdún kejì ni Euro 2012 dé sí Pólándì àti Ukraine. Gbogbo ìlú ń múra àlejò. Aṣòfin wa yìí bọ́ síta, ó ní òun kò ní ṣàtìlẹ́yìn fún ikọ̀ náà, torí pé àwọn kan tí wọn kò dàgbà sí Pólándì wà nínú rẹ̀.

Ta ni àwọn wọ̀nyí? Eugen Polanski, tí wọ́n bí sí Sosnowiec, tí àwọn òbí rẹ̀ gbé lọ sí Jámánì ní kékeré. Sebastian Boenisch, tí wọ́n bí sí Gliwice, tó dàgbà sí Jámánì bákan náà. Ludovic Obraniak àti Damien Perquis, ọmọ Faransé tí ìran wọn ti Pólándì wá. Ọmọdé kì í yan ibi tí wọ́n máa gbé òun lọ. Nígbà tí ìwọ̀nyí dàgbà tán tí wọ́n sì láǹfààní láti yàn, ilé ni wọ́n yàn. Àwọn kan ní owó ni wọ́n wá ṣe, tàbí pé Jámánì àti Faransé kò pè wọ́n. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá gbé aṣọ Pólándì wọ̀, tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ewu nítorí ẹ̀, ó yẹ kí a wo eré rẹ̀ ká tó dá a lẹ́jọ́.

Ohun tó wá dùn mí jù nìyí. Nínú gbogbo ọmọ Pólándì, Tomaszewski ló yẹ kó mọ bó ṣe ń rí nígbà tí àgbà kan jókòó síbi tó tù ú lára, tó sì ti dá ọ lẹ́jọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ṣe é fún un rí! Ọ̀rọ̀ Clough ló gbé orúkọ rẹ̀ dé gbogbo ayé, ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá a lóhùn láàárín àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Kí ló dé tí kò lè fún Polanski àti Boenisch ní irú àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀?

Aṣọ́lé máa ń pariwo mọ́ àwọn tó wà níwájú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òun ló ń rí gbogbo pápá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ló ń dúró sí nígbà tó bá ń pariwo, bọ́ọ̀lù tó bá sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, òun ló máa fi ara gbà á. Ariwo 2012 kò rí bẹ́ẹ̀. Ìta ló ti ń pa á.

N kò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Kì í ṣe ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú lè dì lẹ́nu. Kí sáà rẹ̀ tó parí lọ́dún 2015, ó ti bá PiS pínyà, ó sì ti kọjá sọ́dọ̀ Platforma Obywatelska, ẹgbẹ́ tí PiS kórìíra jù. Àwọn kan pè é ní aláìdúróṣinṣin nítorí ìyẹn. Lójú tèmi, ẹni tó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni, bí ó bá tilẹ̀ máa ná an ní ìjókòó rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí n yan ẹni tó máa dúró sójú ilé nígbà tí Hoeness ń bọ̀ wá gbá pẹnáritì lórí pápá tó kún fún omi, Tomaszewski ni n óò yàn, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní ará Łódź ni mí, n kò ní dìbò fún un.